Oyún mi wọ oṣù méje, lábù ní kòrónà ni: ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Apẹ̀tẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi. Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbé. Oyún mi kejì nìyí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 31. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ mi ti Àbújá dé tòun ti ikọ́. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ara èmi náà gbóná, orí ń fọ́ mi, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Mo pè é ní ibà. Ibi tí mo ti ń gba ántínátà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn ò rí ibà níbẹ̀. Ni dókítà bá ní kí wọ́n ki òwú bọ̀ mí nímú. Kòrónà ni èsì gbé wá.

Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà. Ẹ̀rù ọmọ inú mi ló ń bà mí. Ṣé ó ti ràn án? Ṣé mi ò ní bí ọmọ aláàbọ̀ ara? Ìyá ọkọ mi tún ní bí mo bá bí i, mi ò gbọdọ̀ fún un lọ́mú, àwọn á gbà á lọ́wọ́ mi títí ara mi á fi mọ́. Láti àná ni omi ti ń dà lójú mi. Ẹ dákun, ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, kó bá mi sọ ọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí, Yemẹtu

Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí o bèèrè, ọmọ ni. O ò bèèrè ara rẹ rárá. Àdúrà tí a ń ṣe fún aboyún nílẹ̀ wa ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ìyá ló ṣáájú. Ibẹ̀ ni kí o jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ìyá ni àrùn yìí ń kọ́kọ́ dojú kọ, ara ìyá ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ilé ọmọ tó ti ga dé abẹ́ àyà ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, àyè tí èémí ń gbà á dín kù. Ẹ̀jẹ̀ aboyún tètè ń dì ju ti ẹni tí kò lóyún lọ, kòrónà pẹ̀lú sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìdí nìyí tó fi sábà máa ń le sí àwọn tí oyún wọn ti lé ní ọ̀sẹ̀ 28. Tí ìyá bá tún sanra jù, tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó ti lé lọ́mọ ọdún 35, tàbí tó jẹ́ SS, kó má fi falẹ̀ rárá.

Lọ́dún 2020, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè 18, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Wọ́n kó aboyún 706 tó ní kòrónà jọ, wọ́n fi wọ́n wé 1,424 tí kò ní in. Ewu kí wọ́n gbé ìyá dé wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan wà láyé tí ìkan wà lọ́run jẹ́ ìlọ́po 5 fún àwọn tó ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún pọ̀ sí i, ìyá tó bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé náà pọ̀ sí i. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà náà o. Ti ìsinsìnyí ti rọlẹ̀ gan-an, ilé ni ọ̀pọ̀ aboyún á ti gbádùn. Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ ohun tí wàá máa ṣọ́ ni.

Ti ọmọ: kò wọ́pọ̀ kí ó ràn án nínú. Nínú ọmọ 100 tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bí, wọn kì í pé 2 tí àyẹ̀wò máa ń bá a lára wọn. A ò sì rí i pé kòrónà ń sọ ọmọ inú di aláàbọ̀ ara. Fọkàn balẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ní ti pé o rò pé ó ti lọ, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kì í ṣe pàjáwìrì gbogbo ayé mọ́. Wọn ò sọ pé ó ti tán.

Ó yá, dá mi lóhùn. Ṣé o lè sọ gbólóhùn gígùn tán láìdúró mí? Ṣé o gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ ru rí? Ṣé ọmọ ń yí?

Àdùkẹ́ Apẹ̀tẹ̀

Ẹ ṣé mà. Mo ń sọ̀rọ̀ tán, àmọ́ bí mo bá gbé omi láti ìdí kànga dé kíṣíìnì, mo máa ń dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan. Mo gba abẹ́rẹ́ kan ní 2022, mi ò padà lọ gba ìkejì. Ẹ̀jẹ̀ mi ò ru rí. Ọmọ ń yí, ṣùgbọ́n mi ò fiyè sí iye ìgbà.

Ìyá Agbẹ̀bí, Yemẹtu

Má gbé omi mọ́. Kí ọkọ rẹ gbé e, tí kò bá lè gbé e, kó san owó fún ẹni tó máa bá yín gbé e.

Ẹ lọ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka, tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Lára aboyún, 95 sókè la fẹ́ máa rí. Jókòó, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́, pa làálì tàbí ọ̀dà èékánná rẹ rẹ́ kúrò ní ìka náà, kí o tó kì í bọ̀ ọ́. Yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ ju 95 lọ, tí o yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì tó ṣì wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ ní àṣà tirẹ̀, ìwọ lo mọ ìgbà tó máa ń yí. Tó bá dákẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, jẹun, fi ìhà òsì dùbúlẹ̀, gbọ́wọ́ lé ikùn. Tó bá ṣì ń falẹ̀, má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyà dídùn, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó dà lábẹ́, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń ro ọ́ ju èkejì lọ.

Àlàkẹ́ Ìwó Road

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ọmọ yíyí ṣeré. Àbúrò mi ni, 2021. Oyún ọ̀sẹ̀ 36. Kòrónà náà ò pọ̀ lára rẹ̀, catarrh àti ara gbígbóná lásán ni. Ọjọ́ Ẹtì ló sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ òun ò yí tó bó ṣe máa ń yí, ó ní bóyá ó ń sinmi torí ara tó gbóná. Èmi náà ní bóyá ni. Ọjọ́ Àìkú la tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n gbé síkáànù lé e níkùn, obìnrin tó ń ṣe é yí ojú ẹ̀rọ náà kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àbúrò mi ti bí òmíràn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo sọ pé "bóyá ni" kò tíì gbàgbé.

Ìyá Agbẹ̀bí, Yemẹtu

Àlàkẹ́, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú. Kì í ṣe ìwọ lo fà á. Àrùn yìí lè ba ibi ọmọ jẹ́ débi tí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ kò ní kọjá sọ́dọ̀ ọmọ mọ́, bí ara ìyá kò bá tilẹ̀ le. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n wo ìbímọ tó lé ní mílíọ̀nù kan láti oṣù kẹta 2020 dé oṣù kẹsàn-án 2021. Lọ́wọ́ àwọn ìyá tí kò ní kòrónà, nǹkan bí 6 nínú 1,000 ni òkú ọmọ. Lọ́wọ́ àwọn tó ní in, ó tó 13. Àdùkẹ́, wò ó dáadáa: nínú 1,000 yẹn, 987 ló gbọ́ ẹkún ọmọ. Kí tiwa má bàa bọ́ sínú 13 yòókù la ṣe ń ṣọ́ yíyí ọmọ.

Bàbá Ṣadé, Mọníyà

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ níbí. Oṣù kẹjọ 2021 ni tiwa. Oyún ìyàwó mi ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́, oyin la ń fún un lá. Ojú ń tì wá láti sọ ọ́, torí gaàrí ló ń tà, nígbà náà sì rèé, bí wọ́n bá gbọ́ pé kòrónà wà nílé ẹni, kò sẹ́ni tó máa ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni mọ́. Alẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lórí ibùsùn, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo ní kí ló dé. Ó ní "mi ò," ó mí, ó ní "lè," ó mí, ó ní "sùn." Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láyé.

Mo gbé e sínú Micra aládùúgbò wa kan. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé, ẹni tó wà lẹ́nu géètì gbọ́ ikọ́, ó ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ìkejì ní ká lọ gba èsì àyẹ̀wò wá ná, ní aago mọ́kànlá òru. Ìkẹta ló gbà wá. Wọ́n há ẹ̀rọ yẹn mọ́ ọn ní ìka, 86 ló yọ. Nọ́ọ̀sì náà kò tilẹ̀ bèèrè owó, ó ń sáré, sálúbàtà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò dúró gbé e, ó lọ fa ọ́síjìn wá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé ọmọ náà, torí èémí ìyá kò tó àwọn méjèèjì mọ́. Àwọn méjèèjì wà láyé, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi fún ọkọ Àdùkẹ́: bùọ̀dá, má dúró de òru. Lónìí, lọ́sàn-án, tẹ ilé ìwòsàn méjì tàbí mẹ́ta láago. Sọ fún wọn pé aboyún ọ̀sẹ̀ 31 ni, kòrónà ni, ṣé ọ́síjìn wà, ṣé wọ́n á gbà á. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bèèrè orúkọ rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Bá onímọ́tò kan tó ń sùn nítòsí yín sọ̀rọ̀. Kó àpò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, káàdì ántínátà ni kó wà lókè. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ò lò ó, ẹ dúpẹ́.

Ọmọ Ọlọ́jà Bódìjà

Ẹ̀yin oníṣègùn òyìnbó, ẹ má bínú sí mi. Gómìnà Mákindé ti Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ kéde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020 pé kòrónà wà lára òun, nígbà tó sì gbádùn, ó sọ pé òróró hàbátù-sáúdà (èso dúdú kan) pẹ̀lú oyin àti fítámì C ran òun lọ́wọ́. Ìyá mi pẹ̀lú máa ń se dóńgóyárò àti ewé lẹ́mọ́ọ̀nù, a máa bo aṣọ lórí, a máa gba ooru rẹ̀. Ṣé Àdùkẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Apòògùn Dúgbẹ̀

O ò ṣe àṣìṣe kankan, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọkùnrin ni gómìnà, ara rẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Ohun tí Àdùkẹ́ bá mu, ẹni méjì ló mu ún. Oyin pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò burú. Àgbo tí a kò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, kó fi í sílẹ̀, pàápàá àgbo dóńgóyárò. Ti ooru, mo ti rí ìyá kan tí omi ìkòkò náà dà sí lórí itan. Kò pa kòkòrò yẹn, ewu ló kó bá a.

Fún ara gbígbóná àti orí fífọ́, paracetamol ni. Oníhóró 500, méjì lẹ́ẹ̀kan, wákàtí mẹ́fà síra wọn, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Má jẹ́ kí ara gbóná pẹ́ jù, kò dára fún ọmọ. Ibuprofen àti diclofenac, rárá, oyún rẹ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20. Doxycycline, rárá. Ivermectin tí wọ́n ń gbé kiri nígbà náà, rárá. Òògùn apakòkòrò bíi ampiclox kì í pa kòrónà. Chloroquine náà, ẹ rántí oṣù kẹta 2020, àwọn èèyàn gbé e mì l'Ékòó títí ó fi sọ wọ́n di èrò ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí dókítà rẹ bá ti fún ọ ní aspirin kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, má dá a dúró fúnra rẹ, bi í.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí, torí mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀: kòrónà kò lé ibà lọ. N'Íbàdàn yìí, àwọn méjèèjì lè wà lára ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Máa lo Fansidar tí wọ́n ń fún yín ní ántínátà, máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, kó yẹ méjèèjì wò bí Àdùkẹ́ ti ṣe.

Ṣọlá Mọ̀lété

Mo lóyún oṣù mẹ́rin, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Ṣé mo lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà náà? Wọ́n ní kì í jẹ́ kéèyàn bímọ mọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí, Yemẹtu

O lè gbà á, ọmọ mi, bi wọ́n ní ántínátà. Láti oṣù kẹta 2021 ni abẹ́rẹ́ náà ti wọ Nàìjíríà, àìmọye obìnrin tó gbà á ló ti bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún padà ṣe irú ìwádìí àwọn orílẹ̀-èdè 18 yẹn ní 2022. Aboyún tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, ewu kí àrùn náà le sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù ní ìdajì. Àwọn tó tún gba èyí tí wọ́n fi ń kún un, ó dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ inú náà ń rí lára ohun ìjà tí ara ìyá kó jọ, ibi ọmọ ló ń gbà kọjá sí i.

Ìyá Ìbejì, Mókọlá

Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí n dé ibi ọmú, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ọ̀sẹ̀ 33 ni mo bí àwọn tèmi, kòrónà ló mú kí ìrọbí tètè dé. Táíwò wọ̀n ní kílò 1.7, Kẹ́hìndé 1.5. Ibi tí mo bí wọn sí, wọ́n gbé wọn lọ. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wo àwọn ọmọ mi. Ọmú mi kún, ó le bí òkúta, ó ń ṣàn sára aṣọ, kò sí ẹni tó máa mu ún. Lọ́jọ́ kẹrin ni dókítà ọmọdé kan dé, ó bi wọ́n pé ta ló ní kí ẹ yà wọ́n, ó ní àjọ WHO kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bò mí nímú, wọ́n ní kí n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, wọ́n bọ́ aṣọ àwọn ọmọ ku nápí àti fìlà, wọ́n gbé wọn sí mi láyà, ara kan ara, wọ́n fi ọ̀já wé wa pọ̀. Kẹ́hìndé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù láti àárọ̀, kò tó wákàtí kan tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń bá tèmi lọ.

A ò tíì rí i pé wàrà ọmú ń gbé kòrónà fún ọmọ. Ohun tó ń ṣọ́ ọmọ ló wà nínú wàrà náà. Èémí àti ọwọ́ wa ni ká ṣọ́. Fi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ nígbà tí o bá gbé e, fọ ọwọ́ kí o tó fọwọ́ kàn án, má wúkọ́ sí ọmú. Ọmọ fúnra rẹ̀ kì í lo ìbòmú o, kò ní lè mí. Tí ara rẹ kò bá gbé e, fún wàrà sínú kọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa fi síbí fún un mu. Àwọn tèmi kò mọ ọmú fà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ́ọ̀bù ni wọ́n fi gbó.

Bí ó bá dà bíi pé ìrọbí ń bọ̀ kí oṣù tó pé, sáré lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún ìyá kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Ó ní láti ráyè ṣiṣẹ́ kí ọmọ tó dé. Kòrónà nìkan kò sì tó ìdí tí wọ́n fi máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ. Bí ara rẹ bá gbà, wàá bímọ wẹ́rẹ́.

Ìyá Àgbà, Ọjà'ba

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ Àdùkẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ẹ má gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà fún wa pọ̀: ká se ẹ̀fọ́ tó ní ẹja, ká din ẹyin, ká gbé e sẹ́nu ọ̀nà fún un báyìí tó ń dá sùn. Ká bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá bímọ, ká jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó kí wa láti ìta, kó má ti ibẹ̀ kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ko ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu. Ìkómọ náà kò dandan kó pọ̀. Ní 2020, èèyàn mẹ́sàn-án la fi kó ọmọ-ọmọ mi jáde, orúkọ rẹ̀ ò sì kéré.

Kí ẹ sì máa bi í bó ṣe sùn. Obìnrin tó ń dá nìkan wà nínú iyàrá pẹ̀lú ẹ̀rù, ọkàn rẹ̀ lè wó.

Àdùkẹ́ Apẹ̀tẹ̀

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bùọ̀dá, mo dúpẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá rèé.

Ọjọ́ kẹfà, 97 ni mo bá láàárọ̀, lálẹ́ ó di 93. Mo pa ọ̀dà èékánná rẹ́, mo tún un ṣe, 93. Ọkọ mi ti pe ilé ìwòsàn mẹ́ta bí Bàbá Ṣadé ṣe wí, ọ̀kan ti gbà. Kò tó ìṣẹ́jú ogójì tí a fi dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wa ló jáde wá pàdé wa. Mo lo ọ́síjìn fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n wo ọmọ, ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Mo padà sílé lọ́jọ́ karùn-ún tí mo débẹ̀. Dókítà ní kí n wá ya síkáànù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí wọ́n wò ó bó ṣe ń dàgbà.

Ìyá ọkọ mi ní kí n ka ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sí òun létí. Mo kà á. Wọn ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí ni mo rí i pé wọ́n ti fọ ọ̀já àtijọ́ tí wọ́n fi pọn ọkọ mi, wọ́n sá a sórí okùn.

Ìyá mi Agbẹ̀bí, ẹ bi mí nípa ara mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ èyí tí mo máa sọ. Mo sùn mọ́jú lánàá, ìhà òsì ni mo fi sùn. 98 ni mo bá nígbà tí mo jí. Ọmọ ń yí bí mo ṣe ń tẹ èyí.